Mo Ní Jerúsálẹ́mù, O Mú Mi Lọ Wo Ewé

Àkànní, jókòó. Jókòó dáadáa, má fi ìdí kan jókòó bí ẹni tó fẹ́ sá. Dojú fóònù yẹn bolẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó rẹ ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bú ọ níwájú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ti sùn báyìí. Ó ku èmi, ìwọ, àti ìkòkò tíì yìí.

Nígbà tí o bi mí pé kí ni mo fẹ́ fún àádọ́rin ọdún mi, kí ni mo sọ? Jerúsálẹ́mù. Mo pè é kedere. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń mú mi lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́, wọ́n sì ti ń pè mí ní JP kí n tó ra báàgì. O wá dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, o ní, "Àǹtí, ogun ò jẹ́ ká lè lọ síbẹ̀ báyìí, Sri Lanka ni mò ń mú yín lọ, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Sri Lanka! Ìyá Ìjọ bi mí pé wòlíì wo ni wọ́n sin síbẹ̀. Mo ní kì í ṣe wòlíì, ewé la fẹ́ lọ wò. Ewé kí ni? Ewé tíì. Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé tíì ti tán ní Múṣín ni?"

Mo ti dárí ìyẹn jì ọ́. Kódà mo gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́ kí o mọ̀ lọ. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá ọ wí lé lórí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ti orí bàtà bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Wọ́n sọ fún wa pé òkè la ń lọ. Òkè Hantana, lẹ́yìn ìlú Kandy. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìkúùkù ṣì wà lórí òkè náà bí òwú. Èmi tí mo jẹ́ arúgbó wọ bàtà rọ́bà, mo ká ìró mi sókè, mo fi ọ̀já gbà á. Ìwọ ọmọ Ìdànrè, tí àwọn baba rẹ gbé orí òkè fún àìmọye ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, o wọ kaǹfásì funfun. Funfun báláú! O ní kó lè yọ dáadáa nínú fọ́tò. A ò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ láàárín ewé tíì tí o fi ké bí ẹni tí ejò bù jẹ. Eṣúṣú! Eṣúṣú kan ṣoṣo, kò tó ìka ọmọ ọwọ́, ló lẹ̀ mọ́ ọ lọ́rùn ẹsẹ̀. O ń fò, o ń pe Jésù. Awakọ̀ wa ló rọra wọ́n iyọ̀ sí i, tí nǹkan náà ká jọ, tó já bọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá sọdá odò lọ sí oko, a ó jókòó sórí òkúta, a ó máa já a kúrò lára ara wa, a ó sì tún máa ka ti ẹnìkọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ní jù.

Ọmọ yẹn, awakọ̀ yẹn, Ọlọ́run á fún un ní ìyàwó rere. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń pè mí? "Aunty." Àjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì, ọmọ tí a ò bí ní ìlú wa, tí kò gbọ́ èdè wa, rí irun funfun lórí mi, ó pè mí ní Àǹtí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún mi. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ìwọ tí mo fọ ìdí fún ń bẹ níwájú, o ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa owó dọ́là.

Ó dáa. Ká wọ inú mùsíọ́ọ̀mù tíì tó wà lórí òkè náà.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo wo aago mi. Ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú ni o fi wo ilé alájà mẹ́rin, lẹ́yìn náà o wá ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ, irin àtijọ́ ló kún ibẹ̀." Irin àtijọ́ ni mùsíọ́ọ̀mù, Àkànní! Kí lo rò pé wọ́n ń kó sínú rẹ̀, àkàrà? Ilé yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ tíì ni. 1925 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìgbà tó yá, iṣẹ́ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ilé náà wà lófìfo. Wọ́n lè wó o. Wọn ò wó o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n kó àwọn irin oko tíì jọ sínú rẹ̀, wọ́n nù wọ́n, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 2001. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: àwọn èèyàn yìí kó àkísà wọn jọ, wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀, ìwọ náà sì sanwó. Mo rí ọ nígbà tí o ń sanwó.

Nígbà tí o wà níta tí o ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bi ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri pé kí ló dé tí fèrèsé ilé yìí fi pọ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ. Ó ní atẹ́gùn ni. Lókè ni wọ́n máa ń gbé ewé tútù lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, atẹ́gùn á máa gba ara rẹ̀ kọjá fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kó gbẹ o. Kó rọ ni wọ́n fẹ́, bí ẹ̀fọ́ tí kò rí oníbàárà títí di ìrọ̀lẹ́, kó má baà fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ́ ọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ́ ọ ni èyí tí mo dúró tì. O rí mi níbẹ̀, o ní ṣé kò rẹ̀ mí ni. Tábìlì róbótó ńlá ni, wọ́n kan idẹ gbọọrọgbọọrọ sójú rẹ̀, ohun kan bí àgbá tí kò nídìí sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n á da ewé tó ti rọ sínú àgbá yẹn, wọ́n á tì í mọ́lẹ̀ láti òkè, á wá máa yí po lórí idẹ náà. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ yí i díẹ̀ kí n lè rí i, ọkàn mi sọ kúlú. Mo ní, ṣé bí a ṣe ń fọ ewúro nìyí? Kò mọ ewúro, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe é fún un, bí a ṣe ń gbo ó, bí a ṣe ń fún un kí omi rẹ̀ lè jáde. Ó ní, "Yes, Aunty, yes!" Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Kí omi inú ewé lè jáde sára ewé, kí atẹ́gùn lè bá a. Tí wọ́n bá tún wá tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní tútù, á máa pọ́n, á pọ́n títí á fi dà bí bàbà. Òórùn rẹ̀ náà á yí padà. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbọ́ ọ nímú pé ó ti tó, á ní kí wọ́n kó o sínú iná kó gbẹ. Iná yẹn ló ń sọ ọ́ di dúdú.

Èyí tí ìyàwó rẹ ń mu nítorí ikùn, gíríìn tíì tó ń rà ní owó ńlá, kì í ṣe igi mìíràn. Igi kan náà ni. Wọ́n kàn tètè fi ooru mú un kó tó pọ́n ni. Má sọ fún un pé èmi ni mo sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó dúró, pé èmi náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Mo sọ fún un nípa kòkó. Bí a ṣe ń la á, tí a ń kó èso rẹ̀ pẹ̀lú omi funfun inú rẹ̀ sínú agbọ̀n, tí a ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí ara rẹ̀ á gbóná débi pé tí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wàá yára fà á yọ. Ó máa ń rùn bí ọtí kíkan. Lẹ́yìn náà la ó wá sá a sí oòrùn, a ó máa fi ẹsẹ̀ tú u. Tí o bá kánjú sá a, ó korò, ìsípẹ́kítọ̀ á dá a padà. Ọmọbìnrin náà tẹ́tí sí mi. Ó bi mí pé mùsíọ́ọ̀mù kòkó tiyín ńkọ́, níbo ló wà?

Dúró. Má tíì sọ nǹkan kan. Màá padà síbẹ̀.

O sá kúrò níbi ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni Taylor náà. Yàrá tirẹ̀ wà níbẹ̀ o, àwọn nǹkan tó lò. Ọmọ Scotland ni, James Taylor, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà ní 1852. Ceylon ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. 1972 ló di Sri Lanka, ṣùgbọ́n tíì wọn ò yí orúkọ padà. Kọfí ni gbogbo òyìnbó ń gbìn lórí òkè wọ̀nyẹn. Taylor gba ilẹ̀ éékà 19 ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Loolecondera, ó gbin tíì síbẹ̀ ní 1867. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló fi ṣe ilé iṣẹ́. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ lọ́ ewé, orí ààrò amọ̀ tí wọ́n fi èédú dá ni wọ́n ti ń yan án. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tó gbìn ín, ní 1869, àrùn dé sí kọfí. Ó ń ta sára ewé bí ìpẹtà, ewé á já, igi á ṣófo. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn olóko kọfí ti di onígbèsè. Bàbá mi máa ń sọ fún wa nípa ìgbà tí ìjọba ń gé igi kòkó lulẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn nítorí àrùn, tí àgbàlagbà ń sunkún bí ọmọdé lábẹ́ igi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ń ka ìtàn kọfí yìí bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, èmi rí ojú àwọn èèyàn.

Tíì ló kó wọn yọ. Ní 1873, ẹrù tíì Taylor tó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ pọ́n-ùn 23. Pọ́n-ùn 23! Ẹrù tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún gba owó lé e lórí. Látorí ìyẹn ni gbogbo òkè fi kún. Àmọ́ gbọ́ bó ṣe parí. Ní 1892, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní kó máa lọ. Ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́! Kò fẹ́ lọ. Kò pẹ́ rárá tí ìgbẹ́ ọ̀rìn fi pa á lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sin ín sí Kandy. Kò padà sí Scotland rí láti ọjọ́ tó ti kúrò níbẹ̀.

Ta ni a wá mọ orúkọ rẹ̀ nílé wa? Lipton. Ó yẹ kí o rí bí mo ṣe ya ẹnu sílẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé èèyàn ni Lipton! Mo ti ń pe orúkọ yẹn láti kékeré, mo rò pé orúkọ ewé ni, bí efinrin. Thomas Lipton, ọmọ Glasgow, oníṣòwò oúnjẹ. 1890 ló dé Ceylon, nígbà tí ilẹ̀ kọfí ti di ọ̀pọ̀, ó ra oko, ó di tíì sínú páálí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹni tó gbìn ín kú sórí òkè, ẹni tó dì í sínú páálí wà ní Múṣín. Mi ò bínú sí i. Ọlọ́jà ni. Ìyá mi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lipton yìí ló mú mi ronú lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí o ń hanrun. Kí ni a ń pè ní tíì nílé wa, Àkànní? Ohunkóhun tí a bá fi omi gbígbóná po, tí a fi búrẹ́dì tì. Bournvita, tíì ni. Ovaltine, tíì ni. Milo, tíì ni. Èyí tó jẹ́ ewé tíì gangan, Lípítọ́ọ̀nù là ń pè é, ẹni tí ibà ń ṣe la sì ń fún. Ní kùtùkùtù, Bàbá á ní, "Ẹ po tíì fún àwọn ọmọ," a ó po Bournvita. Kí ló wà nínú Bournvita? Kòkó! Kòkó tí àwa fúnra wa ń tú lórí ẹní, tó lọ sókè òkun, tó padà wá nínú agolo. A mu ún láti kékeré, orúkọ ewé ẹlòmíràn la ń pè é. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. O yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, o ń hanrun lọ.

Bu tíì sí i fún mi. Rárá o, má da mílíìkì sí tèmi.

Ọjọ́ kejì, lọ́nà Nuwara Eliya. Ibẹ̀ yẹn ga o, ó lé ní 1,800 mítà, etí mi ń dí ó ń là. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, gbogbo rẹ̀ tíì, wọ́n gé e ní pẹrẹsẹ bí ẹni gé irun ológun. Tí wọn ò bá gé e, igi gíga ni. Kíké ni wọ́n ń ké e, kó má baà kọjá ìbàdí obìnrin. Mo ní kí awakọ̀ dúró. O ní a máa pẹ́. A máa pẹ́ dé ibo? Ṣé ìpàdé ni?

Obìnrin tí mo lọ bá yẹn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló dà bí àgbà. Àpò tó ń kó ewé sí wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn àpò náà gba àtàrí rẹ̀ kọjá. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì já a, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, òun ń wo èmi. Èéhù orí àti ewé méjì tó tẹ̀ lé e, ìyẹn nìkan. Kọ́! kọ́! kọ́! Tí ọwọ́ bá kún, á dà á sẹ́yìn láti orí èjìká láìbojú wẹ̀yìn. Mo wo ìka rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dúdú láàárín ìlà ara wọn, bí ọwọ́ aláró tí kì í wẹ̀ mọ́. Ó ní kí n já a wò. Mo já mẹ́ta, ọkàn mi balẹ̀, mo nà án sí i. Ó yọ ọ̀kan dànù nínú rẹ̀, èyí tó ti gbó, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Amma." Awakọ̀ ní ìyá ló pè mí.

O mọ ibi tí ìwọ wà? O kọ ẹ̀yìn sí wa. O na ọwọ́, o ń ya ara rẹ, àwa wà lẹ́yìn etí rẹ bí ẹyẹ méjì. Mo ti rí fọ́tò náà. O ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Àkúrẹ́ bi mí pé ta ni obìnrin tó ń gbé báàgì fún mi.

Awakọ̀ yẹn tí ìwọ kò bá sọ̀rọ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Tàmíìlì ni àwọn obìnrin náà, láti gúúsù Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti kó àwọn baba ńlá wọn wá láyé kọfí, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi rìn gba inú igbó dé orí òkè, àwọn kan ò dé. Nígbà tí Ceylon gba òmìnira ní 1948, òfin ọdún yẹn kan náà sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bí sábẹ́ igi tíì! Wọ́n dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí Íńdíà tí wọn ò mọ̀ rí. Ó di 2003 kí òfin tó sọ pé àwọn tó ṣẹ́ kù jẹ́ ọmọ ìlú pátápátá. Ilé tí wọ́n ń gbé, o rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn yàrá kéékèèké tó tò gbọọrọ tí o ní ó rẹwà: ìgbà òyìnbó ni ètò ilé yẹn ti wà. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi jà kí owó ọjọ́ kan tó di 1,000 rupee, 2021 ni wọ́n tó gbà á. Ewé tútù kílò 4 sí 5 ló ń di tíì gbígbẹ kílò kan. Ìwọ ṣírò rẹ̀, ìwọ lo kàwé ìṣirò.

Lọ́dún 2021 yẹn náà ni ìjọba wọn fòfin de ajílẹ̀ òyìnbó lójijì, tíì kò rúwé dáadáa mọ́, wọ́n yí òfin padà kí ọdún tó parí. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Jẹ́ ká sọ ti ohun tí o rà. Nínú gbogbo tíì tó wà lórí àtẹ, o ra tíì máńgòrò. Máńgòrò, láti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá! Ó ń rùn bí ọṣẹ ìwẹ̀. Èmi bi wọ́n léèrè. Mo rí "Orange Pekoe" lára páálí kan, mo bi ọkùnrin tó ń tà á pé níbo ni ọsàn wà nínú rẹ̀. Ó ní kò sí ọsàn níbẹ̀ rárá, pé orúkọ bí ewé ṣe tóbi tó ló jẹ́. Èyí tó gùn ni ìyẹn, èyí tó ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni BOP, èyí tó kù lábẹ́ asẹ́ dà bí eruku tábà, wọ́n ń pè é ní dọ́ọ̀sì. Irú rẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú àpò kékeré tí a ń kì bọ omi. BOP ni mo rà. Mo sì wo páálí rẹ̀ kí n tó sanwó: kìnnìún tó mú idà lọ́wọ́ wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ní tí kò bá sí kìnnìún, kí n má gbà pé ojúlówó Ceylon tí wọ́n dì nílùú wọn ni. Òun ni o ń mu yìí. O rí i bí ó ṣe pọ́n? Wò ó síbi iná. Ìwọ fẹ́ da ṣúgà mẹ́rin sí i.

Ó dáa. Mo ti yí ká tó.

Nísàlẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù yẹn, òṣùwọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Irin, ojú rẹ̀ idẹ. Wọ́n ti nù ún títí ó fi ń dán, okùn sì wà níwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. O kọjá lára rẹ̀. Èmi ò lè kọjá. Àkànní, òṣùwọ̀n kòkó Bàbá ni. Kì í ṣe òun gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ni: ìkọ́ kan náà, ojú róbótó kan náà. Láràárọ̀ ìgbà kòkó, kí àwọn àgbẹ̀ tó dé, èmi ni mo máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú nu ojú rẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó ní tí idẹ bá dán, àgbẹ̀ á mọ̀ pé a ò fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Níbo ló wà?

Má wo ilẹ̀. Mò ń bi ọ́ ni. Ọdún tí a ń tún ilé Ìdànrè ṣe lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, ta ló bá àwọn oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù dúnàá-dúrà lẹ́nu ọ̀nà? Ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ gbé e jù sórí ọmọlanke pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún àti ìlẹ̀kùn fírìjì. Ẹ fi owó rẹ̀ ra kóòkì àti ẹran. Ẹ fún èmi náà ní kóòkì kan.

Mo sì mu ún. Ìyẹn ló ń dùn mí. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ bí irin ṣe ń dún lórí irin, mo mọ ohun tí wọ́n ń gbé. Mi ò jáde. Ohun náà ti gbún mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí ọ̀nà là. Nítorí náà kì í ṣe ìwọ nìkan ni mò ń bú.

Ká padà síbi ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn. Ilé Kòkó wà ní Dùgbẹ̀, nÍbàdàn, lóòótọ́, alájà 26, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó ló kọ́ ọ. Ẹ̀rọ àkàsọ̀ ibẹ̀ ti gbé ọ gòkè rí. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn bi mí pé mùsíọ́ọ̀mù kòkó wa dà, ilé gíga yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, kí n lè fi yangàn. Mo ṣí ẹnu, mo pa á dé. Mo sọ fún un pé àwa náà ní òkè tíì o, ní Mambilla, ní Taraba, ní Kakara. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Gbọ́ ohun tó kù. Páànù kan wà nínú àjà ilé Ìdànrè, ó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a tú sílẹ̀. Wọ́n gé lẹ́tà orúkọ Bàbá sí àárín rẹ̀. Òun ni a ń gbé lé àpò kòkó, tí a ń fi búrọ́ṣì àti ọ̀dà dúdú gbá lórí, tí orúkọ á fi hàn lára àpò. Lẹ́tà kejì ti tẹ̀ díẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ṣe abẹ̀bẹ̀ iná lọ́jọ́ kan, Bàbá sì nà mí fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi èmi. Ní Oṣù Kejìlá, o ó gun àjà náà. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ o, ìwọ. Wàá gbé e sọ̀ kalẹ̀, má fi yanrìn bó o, má kùn ún, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún lẹ́tà tó tẹ̀ yẹn ṣe. Gbé e wá fún mi báyìí báyìí pẹ̀lú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀.

Kí sì ni o máa wọ̀ gun àjà? Mo mọ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó rẹ kó bá ọ ra bàtà rọ́bà.

Mu tíì rẹ, ó ti ń tutù. Mo ní má da ṣúgà sí i mọ́, Àkànní! Ọmọ yìí!